Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Ìbọn Kékeré Inú Àpò Yín Yóò Dún Lọ́jọ́ Tí Ẹ Bá Nílò Rẹ̀

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbé ìbọn kékeré tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ sí reenjì, ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, níbí ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gbé e sápò kí n tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọta kìíní dún. Ìkejì dún. Ẹ̀kẹta wọlé dé ààbọ̀, ó gbé imú sókè, ìbọn há. Mo tún un ṣe, ó tún há lórí ìkarùn-ún. Oúnjẹ ilé wa ni mo ń tà, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo ń ti ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan ni mo sì máa ń rìn lọ síbi tí mo gbé mọ́tò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkàn mi fi balẹ̀ sórí ohun tí kò lè yìn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó há.

Ohun tí mo ti kọ́ látìgbà náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ní ìbọn tàbí tí ẹ ń gbèrò láti rà á. Ìbọn àpò kì í ṣe ìbọn burúkú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yẹ kí ẹ gbà gbọ́ lójú ilé ìtajà. Ọwọ́ yín, ọta tí ẹ fẹ́ máa lò àti mágásíìnì yín gan-an, ìyẹn àpótí kékeré tí ọta ń tò sí nínú èkù ìbọn, ló máa jẹ́rìí sí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ipò yín lójú òfin

Mo kọ́kọ́ fi èyí sí i nítorí pé mo ti rí àwọn ọmọ wa tó ṣìṣe níbẹ̀. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbí pẹ̀lú físà ọmọ ilé-ìwé, físà iṣẹ́ tàbí físà àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi bí ó bá wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹ má gba ìtàn ọ̀rẹ́ gbọ́ lórí èyí, ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí ní ilé ìtajà ìbọn máa bi yín, irọ́ pípa nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀.

Ní Texas, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó ti pé ọdún 21, tí òfin kò dí lọ́wọ́, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Èyí ò sọ pé gbogbo ibi ni ẹ lè gbé e wọ̀. Ilé ìwé, ilé ẹjọ́, ilé ọtí tó lẹ àmì pupa 51% mọ́ ẹnu ọ̀nà, àti ibi tí onílé bá ti fi àmì kọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Bí ẹ bá sọdá sí ìpínlẹ̀ mìíràn, òfin ibẹ̀ ló kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ìdí tí kékeré fi máa ń há

Ìbọn ìléwọ́ ńlá tí ọlọ́pàá ń gbé àti ìbọn tó wọ àpò ṣòkòtò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Bí ọta bá dún, agbára rẹ̀ á ti siláìdì, ìyẹn irin òkè tó ń sún, lọ sẹ́yìn. Bó ṣe ń lọ, irin kékeré kan tó dà bí èékánná á wọ́ kòròfo ọta jáde, á sì dà á nù sí ẹ̀gbẹ́. Sípíríǹgì á wá ti siláìdì padà síwájú, siláìdì á gbá ọta tuntun láti orí mágásíìnì, ọta náà á gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wọ ilé ọta, ihò ìdí ọ̀pá tó ti máa dún. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Nínú ìbọn kékeré, siláìdì fúyẹ́, ó sì kúrú. Ohun tó fúyẹ́ máa ń sáré, nítorí náà sípíríǹgì líle ni wọ́n fi ń dá a dúró. Ìrìn rẹ̀ kò gùn, àyè tí sípíríǹgì mágásíìnì ní láti gbé ọta tó kàn sókè kò sì tó nǹkan. Ẹ rántí àwọn tó ń ju búlọ́ọ̀kù síra wọn níbi ìkọ́lé: bí ẹni òkè bá ti kó ọwọ́ rẹ̀ lọ kí tìsàlẹ̀ tó jù ú, ilẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù máa bọ́ sí. Nínú ìbọn ńlá, àyè wà fún àṣìṣe díẹ̀. Nínú kékeré, ìdọ̀tí tíntìnnín tàbí sípíríǹgì tó ti rẹ̀ tó láti ba nǹkan jẹ́.

Ẹ wo ìbọn àpò kan tó ń jẹ́ Ruger LCP, tó jáde ní 2008: láìsí ọta nínú rẹ̀, kò wúwo tó ounce 10, ọ̀pá rẹ̀ kò sì gùn tó ínṣì 3. Ọta oníwọ̀n .380 ló ń jẹ, èyí tí John Browning ṣe, tí Colt sì fi jáde ní 1908 nínú ìbọn àpò tiwọn. Irin ni Colt ọjọ́ náà látòkè délẹ̀, ó wúwo ju LCP lọ́nà méjì lọ. Ọta kan náà, ìbọn tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ẹ rí ibi tí wàhálà ti wá.

Ọwọ́ ẹni tó dì í mú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Siláìdì kò lè lọ sẹ́yìn dáadáa àfi bí èkù ìbọn bá dúró gírí lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ti gún iyán nínú odó tí kò fìdí múlẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ odó ń lọ sílẹ̀, odó ń mì, ìdajì agbára ń ṣòfò, iyán ò sì kúnná. Bí ọrùn ọwọ́ bá rọ̀ nígbà tí ìbọn dún, ìbọn á bá siláìdì lọ sẹ́yìn, siláìdì ò ní lè parí ìrìn rẹ̀, kòròfo á sì há sẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra èyí tó tóbi jù tí àpò yín lè gbà lóòótọ́. Àwọn ìbọn bíi SIG P365, tó jáde ní 2018, fi díẹ̀ tóbi ju ti àpò gan-an lọ, wọ́n sì gba ọta 9mm mẹ́wàá. Díẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì lọ́wọ́.

Ọ̀nà kejì ni ìbọn oníyípo kékeré tí wọ́n ń pè ní revolver, irú èyí tí Smith & Wesson ti ń ṣe láti 1950, tó ń gba ọta márùn-ún. Kò ní siláìdì, kò bìkítà bí ọrùn ọwọ́ yín bá rọ̀, bí ọta kan ò bá sì dún, ẹ tún fa apátí, òmíràn á yí wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí kò ní máa lọ sí reenjì lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n apátí rẹ̀ le, ó máa ń ta ọwọ́, ìgbà tí òun bá sì há, ó sábà máa ń nílò ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ fa siláìdì nínú ilé ìtajà, lẹ́yìn tí òǹtajà bá ti fi hàn yín pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ fà á ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí làkúrègbé ń dà láàmú ní ìka, gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Àbúrò, bí mi ò bá lè fà á níbi tí ara mi ti balẹ̀ yìí, ṣé òru ni màá wá fà á?" Ó ra èyí tó tóbi, tí sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀. Inú báàgì ló ń gbé e sí, nínú àkọ̀ tirẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ẹ sì wádìí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é bóyá wọ́n ti pè é padà fún àtúnṣe. Ní 2008, Ruger pe àwọn LCP àkọ́kọ́ tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 370 padà, torí pé bí ìbọn náà bá já bọ́ pẹ̀lú ọta nínú ilé ọta, ó lè dún. Àlòkù ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ló gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́ kí ó tó dún rárá

Ìbọn tuntun máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú òróró tí wọ́n fi dènà ìpẹtà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń mú un ṣiṣẹ́. Ẹ ka ìwé tó bá a wá kí ẹ tó tú u.

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọ ìbọn sí òun? Bó tilẹ̀ dá yín lójú pé òfìfo ni ìbọn náà, ẹ má kọjú rẹ̀ sí ènìyàn, ẹ má sì fi ìka kan apátí títí ẹ ó fi ṣe tán láti yìn. Ètò tí ẹ máa tẹ̀ lé nìyí, kò sì ṣeé yí padà: ẹ kọ́kọ́ yọ mágásíìnì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa siláìdì sẹ́yìn kí ọta tó wà nínú ilé ọta lè jáde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa siláìdì, ọta kan á jáde, siláìdì á padà síwájú, á tún gbé òmíràn wọlé. Ẹni náà á wá yọ mágásíìnì, á rò pé ìbọn ti ṣófo. Ẹ wo inú ilé ọta. Kí ẹ sì fi orí ìka kékeré kàn án. Ojú lè tan ènìyàn jẹ nínú yàrá tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀, ìka ò ní tàn yín jẹ. Ẹ kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ẹ nu gbogbo rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kán òróró ìbọn díẹ̀díẹ̀ sí ojú ibi tí siláìdì ti ń fara gbo ara ìbọn. Ẹ̀kán kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ má da òróró sí ihò abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta, ẹ má sì jẹ́ kó kan ọta. Òróró inú ìbọn àpò máa ń kó èérún aṣọ jọ, á sì di ẹrẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ̀rí gan-an, ní reenjì

Ohun tí ẹ máa kó lọ: ìgò ojú, ìbòtí, ìwé àkọsílẹ̀ kékeré, ó kéré tán mágásíìnì méjì, àti bíro aláwọ̀ funfun tí kì í tètè parẹ́. Ẹ kọ 1 àti 2 sí ìdí àwọn mágásíìnì. Iṣẹ́ kékeré yìí ló gbà mí, màá sọ bó ṣe jẹ́.

Òṣùwọ̀n tèmi ni 200 ọta ìdánrawò olórí yíyi, lẹ́yìn náà 50 nínú irú ọta tí mo fẹ́ máa gbé sápò. Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìbọn kékeré ń ta ọwọ́, ọwọ́ tó ti rẹ̀ á rọ̀, ẹ ó wá máa bínú sí ìbọn lórí ẹ̀ṣẹ̀ ọwọ́. Mo máa ń pín in sí ìrìn-àjò mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nínú 50 àkọ́kọ́, mo máa ń fara da kó há lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, torí irin tuntun ṣì ń gbo ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ó bá há, tí mi ò sì mọ ohun tó fà á tí mo sì tún un ṣe, mo padà sí òǹkà òdo.

Ẹ yìn díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjì, díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún nìkan, díẹ̀ pẹ̀lú òsì nìkan. Níbi ọwọ́ kan ni ọ̀pọ̀ ìbọn kékeré ti máa ń tú àṣírí ara wọn.

Gbogbo ìgbà tó bá há, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: mágásíìnì wo, ọta ìkẹlòó, irú ọta wo, báwo ló ṣe há. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tèmi wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Ó kà báyìí: "Mág 2, ọta 3, imú sókè. Mág 2, ọta 5, imú sókè. Mág 1, ọta 6, kòròfo dúró ṣánṣán. Mág 2, ọta 3, imú sókè." Ọ̀gá tó ń kọ́ni ní reenjì gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó fi mágásíìnì 1 yìn ín tán, kò há. Ó fi 2 yìn ín, ó há lọ́wọ́ òun náà. Ohun tí mo ti ń pè ní ìbọn burúkú pín sí méjì lójú mi lọ́jọ́ náà: mágásíìnì kan tí ètè rẹ̀ ti ya díẹ̀, àti ọrùn ọwọ́ mi tó ń rọ̀. Mágásíìnì náà lọ sínú pàǹtírí. Ọwọ́ mi gba oṣù méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kí ni híhá náà ń sọ?

Bí ọta tuntun bá gbé imú sókè tàbí tẹ orí ba tí kò wọlé, ẹ kọ́kọ́ fura sí mágásíìnì, kí ẹ tó fura sí bí orí ọta yẹn ṣe rí, lẹ́yìn náà ìdọ̀tí lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí kòròfo bá dúró ṣánṣán bí ẹni tó há sẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ fura sí ọwọ́ tó rọ̀, tàbí ọta tí agbára rẹ̀ kéré. Bí kòròfo kò bá jáde nínú ilé ọta rárá, ẹ wo èékánná: ó lè ti gé létí tàbí kí ìdọ̀tí ti kún ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá fa apátí tí ẹ gbọ́ "kíṣi" tí kò sì dún, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn ṣì kọjú síbi ìfojúsùn, kí ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ tó yọ ọta náà. Ọta lè pẹ́ kó tó dún. Ẹ wá wo ìdí rẹ̀. Bí ojú àpá abẹ́rẹ́ bá jìn, ọta ló bàjẹ́. Bí kò bá jìn, ìbọn ló ní àrùn.

Èyí tó léwu jù ni èyí tó dún "pùú" lásán, tí kò ta ọwọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ DÚRÓ. Orí ọta ti lè há sínú ọ̀pá. Bí ẹ bá yin òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pá lè fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ síwájú, kí ẹ pe ọ̀gá reenjì.

Bí mágásíìnì tuntun, ọta mìíràn àti ọwọ́ ẹlòmíràn ò bá yanjú rẹ̀, ẹ dá ìbọn náà padà sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má fi fáìlì fá nǹkan kan nínú rẹ̀ fúnra yín. Mo ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹnì kan fi sáńpépà họ títí tí kò fi ṣeé tún ṣe mọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọta tí ẹ máa gbé

Ọta tí wọ́n gbẹ́ ihò sórí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé. Ihò ẹnu rẹ̀ máa ń kọ́ mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìbọn kan, kó sì wọ òmíràn bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ná owó lórí 50 náà, bó tilẹ̀ wọ́n. Ọta .32 ní ewu tirẹ̀: ìdí rẹ̀ ní etí díẹ̀, bí etí ọta tòkè bá bọ́ sẹ́yìn etí tìsàlẹ̀ nínú mágásíìnì, wọ́n á di ara wọn mú, ẹ ò sì lè fi ọwọ́ lásán tú wọn lójú ìjà. Bí ìwé ìbọn bá ní kí ẹ má lo ọta +P, ìyẹn èyí tí agbára rẹ̀ ju ti lásán lọ, ẹ má lò ó.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Ẹni tó ń yọ ọta ilé ọta lálaalẹ́, tó tún ń gbé ọta kan náà wọlé láàárọ̀, siláìdì ń gbá orí ọta yẹn mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ gbé e dúró lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan tó ṣì wà nínú páálí. Bí tiyín bá kúrú, bó ṣe ìwọ̀n sísanra èékánná ìka yín ni o, orí rẹ̀ ti wọ inú kòròfo lọ, agbára rẹ̀ sì lè pọ̀ ju ohun tí ìbọn lè gbà nígbà tó bá dún. Ẹ má yìn ín. Ẹ kó o fún reenjì láti bá yín dà á nù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Nínú àpò

Àpò tí ìbọn wà, ìbọn nìkan ni kó wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́, owó ẹyọ, ike ṣingọ́ọ̀mù, ẹ kó wọn sí ìhà kejì. Kí ó wà nínú àkọ̀ tó bo apátí pátápátá. Láìsí àkọ̀, ohunkóhun lè fa apátí, èérún aṣọ á sì kún ẹnu ìbọn.

Lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń yọ ọta inú tèmi, mo sì máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, mo ti bá òwú búlúù láti inú jíǹsì mi tó wé mọ́ èékánná bí irun tó wé mọ́ ìyarun. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló ń kó o jáde. Ooru Houston sì ń mú ènìyàn làágùn láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, òógùn oníyọ̀ ń jẹ irin: ẹ wo ìsàlẹ̀ siláìdì níhà ibi tó kan itan, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń kọ́kọ́ yọ bí àmì pupa kéékèèké. Ẹ fi aṣọ tó ní òróró díẹ̀ nù ún.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Lẹ́yìn ìyẹn

Ní gbogbo oṣù mẹ́ta, mo máa ń fi ọta inú àpò mi gan-an yìn ní reenjì, n ó sì fi tuntun rọ́pò wọn. Sípíríǹgì ìbọn kékeré kì í pẹ́ bíi ti ńlá. Iye ọta tí ìwé ìbọn bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kò wọ́n. Bí siláìdì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró díẹ̀ kó tó tì padà, ẹ má dúró de òǹkà. Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun lẹ́yìn reenjì, torí eruku òjé, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ.

Nílé, inú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó máa wà bí kò bá sí lára yín. Ní Texas, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó ní ọta nínú gbà nítorí àìbìkítà yín, ẹ̀yin ni òfin máa mú.

Gbígbé e relé, sí Nàìjíríà, ńkọ́? Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ rárá. Ìbọn ìléwọ́ wà lára ohun ìjà tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀ fún ará ìlú, ní Britain sì ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní 1997, lẹ́yìn ìpakúpa tó wáyé nílé ìwé kan ní Dunblane, Scotland. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, mo máa ń tú gbogbo báàgì mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń fọwọ́ gbọn àpò kọ̀ọ̀kan, títí kan jákẹ́ẹ̀tì tí mi ò wọ̀ láti ọdún tó kọjá, torí ọta kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ àpò tó láti dá ènìyàn dúró ní pápákọ̀ òfuurufú.